Ọlọ́run tó yọ wá nínú ìbúgbàmù ló rán olùtọ́jú ọkàn sí mi

Ẹ bá mi gbé Jésù ga! Halelúyà!

Ará Àkúrẹ́ kò lè gbàgbé òru 28 oṣù kẹta ọdún 2020, nígbà tí ìbúgbàmù ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Ọ̀wọ̀. Ilé tó lé ní 100 ló bàjẹ́, títì di kòtò ńlá. Ilé tiwa wà lára wọn. Òrùlé ṣí lọ, ògiri wó, ṣùgbọ́n Olúwa kò jẹ́ ká sunkún ara wa.

Ohun tí ojú kò rí ló ṣẹ́kù. Bí ẹnìkan bá ti ilẹ̀kùn gbàgà, àyà mi á já, ara mi á máa gbọ̀n. Oorun dá lójú mi. Àbíkẹ́yìn mi tún bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ sílé. Àsìkò kòrónà sì nìyẹn, kálukú ń sá fún ẹnikejì. Oṣù kan kọjá, kò lọ. Àwọn kan ní ayé ló ń ṣe mí. Olùṣọ́-àgùntàn wa gbàdúrà fún mi, ó sì ní kí n lọ sí ọsibítù. Ibẹ̀ ni mo ti pàdé obìnrin kan, onímọ̀ ìhùwàsí ẹ̀dá tó ń tọ́jú ọkàn tó dàrú.

Kò ní kí n ròyìn òru yẹn. Ó kọ́kọ́ bi mí pé: "Mà, níbo lẹ ń sùn? Ṣé ẹ ń rí oúnjẹ jẹ?" Ó ní wọn kì í fipá fa ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹni tí jàǹbá ṣẹlẹ̀ sí. Ó ní n kò ya wèrè, pé ara mi ṣì ń ṣọ́ ewu tó ti kọjá ni. Ó kọ́ mi láti rọra máa mí, kí n fẹsẹ̀ tẹlẹ̀ dáadáa, kí n máa dárúkọ ohun tó wà níwájú mi. Ó ní ká má ṣe na ọmọ nítorí ìtọ̀, ká jẹ́ kó máa ṣeré, kó sì máa sùn lásìkò kan náà lálaalẹ́. Nígbà tí ọkàn mi gbà á, mo sọ ìtàn náà fún un díẹ̀díẹ̀, léraléra, títí mo fi lè sọ ọ́ láìgbọ̀n.

Nígbà tí wọ́n kọlu ṣọ́ọ̀ṣì l'Ọ́wọ̀ ní 5 oṣù kẹfà ọdún 2022, obìnrin yìí ni mo rántí: ta ni yóò jókòó ti àwọn tó yè? Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí òfin ìlera ọpọlọ ní oṣù kìíní ọdún 2023. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin aláṣẹ wa, ẹ fi irú àwọn olùtọ́jú ọkàn bẹ́ẹ̀ sí gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ kí jàǹbá tó dé.

A ti kó padà sínú ilé wa. Ọjọ́ Ìsinmi tó kẹ́yìn oṣù yìí la ó ṣe ìdúpẹ́. Aṣọ funfun ni. Ẹ wá bá wa jó.