Ìlà kan lábẹ́ òkun: bí a ṣe ń fi ìró wá yìnyín gáàsì

Ìmọ́lẹ̀ kì í wọ inú òkun jìnnà. Bí a bá ti kọjá 200 mítà, ìmọ́lẹ̀ tó kù kò tó nǹkan, ìgbì rédíò pàápàá kò sì lè rìn nínú omi iyọ̀ débi tó nílárí. Ìró nìkan ló ń rìn níbẹ̀ geere, bíi 1,500 mítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, èyí tó ju ìlọ́po mẹ́rin eré tó ń sá nínú afẹ́fẹ́ lọ. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé ìró la fi ń mọ bí ìdí òkun ṣe rí, òun náà la sì fi ń wá ohun tó fara pamọ́ sínú erùpẹ̀ abẹ́ rẹ̀. Mo ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì Terminale, ìyẹn kíláàsì tó kẹ́yìn ní ilé-ìwé girama, ní físíìsì ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ní orílẹ̀-èdè Benin, ó sì ti pẹ́ tí mo ti ń fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ ní èdè wa. Etí òkun kò jìnnà sí wa, ọkọ̀ ìwádìí sì ti kọjá níwájú Sèmè rí, ṣùgbọ́n àwọn tó lè jókòó ṣàlàyé ohun tí ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ń wá fún àwọn ará ilé kò pọ̀.

Yìnyín gáàsì, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní gas hydrate, ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Nígbà tí omi bá tutù gan-an, tí ẹrù tó wúwo sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, àwọn ègé omi tíntìntín tí ojú kò lè rí á so kọ́ ara wọn, wọ́n á di àgò, gáàsì mẹ́táànì á sì há sínú àgò náà. Ohun tó bá jáde funfun, èèyàn lè pè é ní yìnyín lásán, ṣùgbọ́n bí a bá ṣáná sí i, yóò gbiná. Bí a bá gbé mítà onígun mẹ́ta (mètre cube, m³) kan rẹ̀ wá sí òkè níbi tí a ń gbé, tí a jẹ́ kó yọ́, gáàsì tí yóò tú jáde yóò tó mítà onígun mẹ́ta 164, omi ni yóò sì kù sílẹ̀. Mẹ́táànì inú rẹ̀ sábà máa ń wá láti ọ̀dọ̀ àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń jẹ òkú ewéko àti ẹranko inú ẹrẹ̀, ó sì lè jẹ́ èyí tó ń rú gòkè láti ibi tó jìn gan-an nínú ilẹ̀. Ní òkun tó gbóná bíi tiwa, omi ní láti jìn ju 500 mítà lọ kí yìnyín yìí tó lè dúró.

Ọkọ̀ tó ń ṣe ìwádìí sísímíìkì, ìyẹn fífi ìró yẹ inú ilẹ̀ wò, kì í sáré. Kìlómítà mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án ló ń rìn ní wákàtí kan. Ó ń fa ìbọn afẹ́fẹ́ lẹ́yìn, èyí tí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ti fún pọ̀ tó bí ìlọ́po 140 agbára afẹ́fẹ́ tó yí wa ká. Ní ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ díẹ̀, ìbọn náà á ṣí lẹ́ẹ̀kan náà, afẹ́fẹ́ á bú jáde sínú omi, ìró rẹ̀ á sì lọ sísàlẹ̀. Díẹ̀ nínú rẹ̀ á padà láti ìdí òkun, ìyókù á wọ inú erùpẹ̀, gbogbo ibi tí ìpele kan ti yàtọ̀ sí èkejì á sì tún dá díẹ̀ padà. Okùn gígùn kan ló ń gbọ́ àwọn ìró tó ń padà wọ̀nyí. Ọkọ̀ ń fà á ní mítà díẹ̀ sísàlẹ̀ ojú omi, ó lè gùn ní ọ̀pọ̀ kìlómítà, ẹ̀rọ agbóhùn sì tò sínú rẹ̀ láti orí dé ìdí. Ìyá tó ń ra ìkòkò amọ̀ ní ọjà Ouando máa ń fi ìka gbá a kó tó sanwó, ìró tó bá gbọ́ ló sì máa sọ fún un bóyá ìkòkò náà sán tàbí kò sán. Iṣẹ́ kan náà ni ọkọ̀ yìí ń ṣe, àmọ́ ohun tó ń gbá jìn ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún mítà, kò sì lè gbé e sọ́wọ́ yẹ̀ ẹ́ wò.

Ohun tí ó yẹ kí ẹnikẹ́ni tó bá ń wo àwòrán sísímíìkì kọ́kọ́ mọ̀ ni pé àkókò ló wà lórí rẹ̀, kì í ṣe ìjìnlẹ̀. Bí ìró bá lọ tó sì bọ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin, a mọ̀ pé méjì ló fi lọ, méjì ló fi bọ̀, a ó sì ṣírò rẹ̀ pé ìdí òkun wà ní nǹkan bíi 3,000 mítà. Inú omi, ìṣirò yìí rọrùn. Inú erùpẹ̀, kò rọrùn mọ́, nítorí pé eré ìró ń yí padà láti ìpele dé ìpele. Gígùn okùn agbóhùn ló ń yọ wá nínú ìṣòro yìí: ẹ̀rọ tó wà nítòsí ọkọ̀ ń gbọ́ ìró tó lọ tó bọ̀ ní òró gangan, èyí tó wà ní ìpẹ̀kun okùn ń gbọ́ ìró tó gba ọ̀nà gígùn, ìyàtọ̀ àsìkò tó wà láàárín wọn ni a sì fi ń mọ bí eré náà ti pọ̀ tó. Ẹni tí kò bá ṣe iṣẹ́ yìí dáadáa lè gbé òkè síbi tí òkè kò sí.

Ó tún ní ibi tí ojú ìró mọ. Ìró tó bá ń gbọ̀n ní ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan nínú omi, ìgbì rẹ̀ gùn ní 30 mítà, ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀, ìyẹn mítà méje àti ààbọ̀, sì ni ìpele tó tín-ín-rín jù lọ tí ó lè yà sọ́tọ̀. Bí a bá fẹ́ rí ohun tó kéré sí i, a ní láti mú kí ìró náà máa gbọ̀n kíákíá, ṣùgbọ́n irú ìró bẹ́ẹ̀ tètè ń rẹ̀ nínú ilẹ̀, kò sì ní dé ìsàlẹ̀. Nítorí náà ni àwọn tó ń wá yìnyín gáàsì fi máa ń lo ju irú ẹ̀rọ kan lọ, tí àwọn mìíràn sì máa ń gbé ẹ̀rọ agbóhùn sọ̀ kalẹ̀ sórí ìdí òkun fúnra rẹ̀.

Ní báyìí, ìlà tí wọ́n ń pè ní BSR (bottom-simulating reflector), ìyẹn ìlà tó ń fara wé ìdí òkun. Bí a bá ń wọ inú ilẹ̀ abẹ́ òkun lọ, ooru ń pọ̀ sí i. Ní ọ̀pọ̀ ibi, ó tó ìwọ̀n 30 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì fún kìlómítà kan. Òtútù tó ń mú yìnyín gáàsì dúró yóò tán níbì kan. Lókè ibẹ̀, yìnyín lè wà. Nísàlẹ̀ ibẹ̀, kò lè sí, gáàsì tó bá wà níbẹ̀ á wà bẹ́ẹ̀ láìdì, nínú àwọn ihò wẹ́wẹ́ inú erùpẹ̀. Nítorí pé ìwúwo omi àti ooru ilẹ̀ ló ń pinnu ibi tí ààlà náà wà, tí àwọn méjèèjì sì ń tẹ̀ lé bí ìdí òkun ti ń gòkè tó ń sọ̀ kalẹ̀, ààlà náà pẹ̀lú á máa tẹ̀ lé ìdí òkun lọ. Ààlà yìí ló ń hàn bí ìlà lórí àwòrán. Àwọn ìpele erùpẹ̀ ní tiwọn lè dagun, wọ́n lè ká, wọ́n lè ya. Ìlà yìí á gba àárín wọn kọjá, kò ní bá wọn yà síbì kan. Àmì àkọ́kọ́ tí a fi ń mọ̀ ọ́n nìyẹn.

Àmì kejì rẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù láti fi han àwọn ọmọ. Mo tẹ́ àwòrán kan láti Blake Ridge, ní etíkun ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà, sórí tábìlì, mo sì ní kí wọ́n fi pẹ́ńsùlù tọ ìdí òkun. Dúdú kan ni, tí funfun wà lókè àti nísàlẹ̀ rẹ̀. Ní bí ìdajì ìṣẹ́jú àáyá lẹ́yìn rẹ̀, ìlà mìíràn wà tó ń bá a rìn, ṣùgbọ́n funfun ni àárín ti ìyẹn, dúdú ló sì wà lókè àti nísàlẹ̀. Ohun tó fà á ni pé ìró tó ń kúrò nínú omi bọ́ sínú erùpẹ̀ ń kúrò nínú ohun tó rọ̀ bọ́ sínú ohun tó le. Níbi BSR, òdìkejì ni: ó ń kúrò nínú erùpẹ̀ tí yìnyín ti mú le, ó ń bọ́ sínú erùpẹ̀ tí gáàsì ti mú rọ̀. Inú yìnyín gáàsì tí kò ní àdàlù, ìró lè sáré tó 3,700 mítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Nínú erùpẹ̀ tí gáàsì wọ̀, ó lè lọ sílẹ̀ ju ti omi lásán lọ. Ìlà mìíràn tún wà tó ń tẹ̀ lé ìdí òkun, èyí tí yíyípadà òkúta tó wá láti ara egungun àwọn ohun abẹ̀mí kéékèèké máa ń fà, àmọ́ àwọ̀ tirẹ̀ kì í yí padà. Ẹni tó bá fi ojú sí dúdú àti funfun kò ní ṣì wọ́n mú.

Ọmọ kan bi mí pé, “Ọ̀gá, tí ìlà yẹn bá hàn gan-an, ṣé gáàsì ibẹ̀ pọ̀ gan-an nìyẹn?” Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó bá gbọ́ ìròyìn ọrọ̀ abẹ́ òkun máa bi ara rẹ̀. Rárá ni ìdáhùn rẹ̀. Gáàsì díẹ̀ kínún nínú ihò erùpẹ̀ ti tó láti dín eré ìró kù gidigidi, bí ó sì tún pọ̀ sí i, eré náà kò ní fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ mọ́. Síwájú sí i, gáàsì tó wà nísàlẹ̀ ìlà ló ń mú kó hàn, ju yìnyín tó wà lókè rẹ̀ lọ. Ní 1995, ọkọ̀ JOIDES Resolution gbẹ́ ihò mélòó kan ní Blake Ridge nínú ìrìn-àjò tí wọ́n ń pè ní Leg 164. Ní ibi tí wọ́n fún ní nọ́ńbà 994, kò sí BSR rárá lórí àwòrán, síbẹ̀ yìnyín gáàsì wà nínú erùpẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ jáde. Nítorí náà, ìlà lè wà kí yìnyín má pọ̀, yìnyín sì lè wà kí ìlà má sí. Àwòrán sísímíìkì ń sọ ibi tó yẹ kí a gbẹ́. Gbígbẹ́ ló ń sọ ohun tó wà níbẹ̀.

Àwọn ará Japan mọ èyí dáadáa. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ya àwòrán Nankai Trough, kòtò gígùn kan lábẹ́ òkun wọn, wọ́n sì gbẹ́ ọ̀pọ̀ ihò, kí wọ́n tó gbìyànjú láti fa gáàsì jáde ní oṣù kẹta ọdún 2013, ní ibi tí omi ti jìn tó 1,000 mítà. Nǹkan bíi mítà onígun mẹ́ta 120,000 ni wọ́n rí láàárín ọjọ́ mẹ́fà, kí iyanrìn tó wọ inú ihò tó sì dá iṣẹ́ dúró. Kì í sì í ṣe tìtorí pé kí a tà á nìkan ni a fi ń wá yìnyín yìí. Ó lè dí ọ̀pá epo. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2010, nígbà tí epo ń ṣàn láti ibi ìjàǹbá Deepwater Horizon, ẹ̀rọ ìgbẹ́po kan lórí òkun Amẹ́ríkà, wọ́n sọ ìdérí irin ńlá kan sórí ibi tó ń jò, yìnyín gáàsì sì dí i títí tí wọ́n fi gbé e kúrò. Ó tún ń di erùpẹ̀ mú lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ abẹ́ òkun, bó bá sì yọ́, erùpẹ̀ náà lè ṣípò. Mẹ́táànì fúnra rẹ̀, bó bá dé inú afẹ́fẹ́, ń mú ayé gbóná ní nǹkan bí ìlọ́po 28 ju èéfín kábọ́ọ̀nù lọ láàárín 100 ọdún.

Àwọn kan máa ń da ọ̀rọ̀ yìí pọ̀ mọ́ epo Sèmè. Wọ́n rí epo Sèmè ní 1968, wọ́n fà á láti 1982 títí di 1998, ṣùgbọ́n omi ibẹ̀ kò jìn, ó sì gbóná, yìnyín gáàsì kò lè dúró níbẹ̀ láé. Ibi tí èèyàn lè wá a sí ni ẹ̀yìn pèpéle etíkun wa tí kò fẹ̀, níbi tí ilẹ̀ ti já sínú omi jíjìn. Ní ìlà-oòrùn wa, ní iwájú ẹnu odò Ọya, wọ́n ti gbẹ́ yìnyín gáàsì jáde láti inú ẹrẹ̀ ìdí òkun, níbi tí àwọn kòtò róbótó pọ̀ sí, èyí tí gáàsì tó ń jáde gbẹ́.

Ìwádìí yìí kò ṣàìní ìpalára. Àwọn àbùùbùtán ńlá tí wọ́n ń pè ní baleine à bosse máa ń wá sí omi wa láàárín oṣù kẹjọ sí oṣù kọkànlá, àwọn abo sì máa ń bímọ ní àgbègbè yìí. Ìlànà tó dára ni pé kí ìbọn afẹ́fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní kékeré, kó máa ga díẹ̀díẹ̀, kí àwọn tó ń ṣọ́ ẹranko sì lè dá iṣẹ́ dúró. Lójú tèmi, kò yẹ kí ọkọ̀ kankan ṣe irú iṣẹ́ yìí ní omi wa láàárín oṣù wọ̀nyẹn rárá. Àwọn apẹja náà wà níbẹ̀. Àna mi àgbà kan tó ń pẹja lójú Sèmè sọ fún mi nígbà kan pé, “Wọ́n kàn ní kí a kó àwọ̀n wa ni, wọn kò sọ ìdí rẹ̀.” Okùn ọlọ́pọ̀ kìlómítà ni ìdí náà, ìyẹn kò sì le láti ṣàlàyé. Ó yẹ kí wọ́n kéde rẹ̀ ní Ègùn àti ní Yorùbá létí òkun, pẹ̀lú ọjọ́ àti ibi, ṣáájú kí ọkọ̀ tó dé.

Ní oṣù kẹfà ọdún 2025, ètò Seabed 2030 kéde pé 27.3 nínú ìdá ọgọ́rùn-ún ìdí òkun àgbáyé ni a ti fi ìró wọ̀n dáadáa. Ìyókù, ìṣirò láti ọ̀dọ̀ sátẹ́láìtì la ń lò. Iṣẹ́ náà pọ̀, kì í sì í ṣe inú ọkọ̀ nìkan ni a ti ń ṣe é. Àwọn ará Amẹ́ríkà ti kó ọ̀pọ̀ dátà sísímíìkì àtijọ́ láti omi tiwọn sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, sọ́fítíwíà Seismic UNIX tí a fi ń tún un ṣe náà sì jẹ́ ọ̀fẹ́, kọ̀ǹpútà tí ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ tó sì lè gbé e. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó wà ní IMSP, ilé-ẹ̀kọ́ gíga fún ìmọ̀ ìṣirò àti físíìsì, ní Dangbo, tí kò jìnnà sí Àjàṣẹ́ níbí, ní ìmọ̀ ìṣirò tí iṣẹ́ yìí ń béèrè. Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, kó mú ìlà ìwádìí kan tó kọjá lórí Blake Ridge, kó wọn eré ìró rẹ̀ fúnra rẹ̀ láìwo ti ẹlòmíràn, kó tó wá wo ibi tí dúdú ti di funfun.