Ère Lyja: àgbọ̀n fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí

Wáyà ti dúró, mo ti fi fọ́ìlì wé e, amọ̀ polymer, irú èyí tí à ń yan nínú ààrò ilé, sì ti bò ó láti ẹsẹ̀ dé ọrùn. Gbogbo rẹ̀ ga tó sẹ̀ǹtímítà 20. Ara kì í yọ mí lẹ́nu. Ojú ni.

Lyja inú Fantastic Four, ìwé ìtàn aláwòrán Marvel nípa akọni mẹ́rin, ni mò ń mọ. Skrull ni, ará òde ayé aláwọ̀ ewé tó lè di ẹnikẹ́ni tó bá wù ú. Ìtẹ̀jáde kejì, 1962, ni àwọn Skrull ti dé. Lọ́dún yẹn náà ni Alicia Masters, afọ́jú tó ń fi amọ̀ mọ ère, dé ní ìkẹjọ. Ní ìtẹ̀jáde 300, ní 1987, Johnny Storm, ọ̀kan nínú akọni mẹ́rin náà, gbé Alicia níyàwó. Àṣé Lyja ló gbé! Tom DeFalco àti Paul Ryan ló tú àṣírí yẹn ní ìtẹ̀jáde 357, lọ́dún 1991. Inú àwọn kan ò dùn sí i. Èmi fẹ́ràn rẹ̀, torí ojú ṣeé yá lò, ṣùgbọ́n ọwọ́ oníṣẹ́ ńkọ́? Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ojú jẹ́ ti Alicia, kí ọwọ́ tó ń mọ amọ̀ jẹ́ ti Skrull, kí àgbọ̀n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú u fó.

Àgbọ̀n Skrull rí gẹ́rẹ́gẹ̀rẹ bí oko tí wọ́n kọ ebè sí. Igi ìtayín ni mo kọ́kọ́ fi fa ìlà rẹ̀. Níbi tí mo ti ń to irun, àtàǹpàkò mi tẹ gbogbo rẹ̀ pẹrẹsẹ. Mo tún un fà. Mo wá gbé orí nìkan sínú ààrò ní dígírì 130, ìṣẹ́jú 15 fún ìnípọn mílímítà mẹ́fà-mẹ́fà. Nígbà tí mo yọ ọ́, àgbọ̀n ti jó, ó ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Irọ́ ni ààrò mi ń pa: mo fi ìwọ̀n ooru sínú rẹ̀, 150 ló wà. Ọpẹ́lọpẹ́ pé Skrull ni, ọ̀dà àwọ̀ ewé á bò ó. Ká ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ Alicia ló jó ni, ǹ bá sọ ọ́ nù.

Orí kékeré kan wà lọ́wọ́ Lyja tó ń mọ, kò ju hóró ẹ̀wà lọ. Ben Grimm ni, akọni alára àpáta tó jẹ́ olólùfẹ́ Alicia tẹ́lẹ̀. Ben gan-an ni wọ́n torí rẹ̀ rán Lyja wá. Ben ò bá àwọn yòókù padà wálé láti ogun kan tí wọ́n lọ jà, ni Lyja bá bọ́ sọ́dọ̀ Johnny. Mo rún fọ́ìlì, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́ orí náà, ara àpáta jáde lójú ẹsẹ̀. Iṣẹ́ tó rọrùn jù lọ rèé!

Mo yí ojú Lyja kúrò lára iṣẹ́ náà, kí ìka nìkan máa wá ọ̀nà.

Ó ku ọ̀dà. Mo dán an wò lára èérún amọ̀ kan, ó tutù yọ̀yọ̀ jù. Mo ti kán àwọ̀ ilẹ̀ díẹ̀ sí i. Àtàǹpàkò ọwọ́ òsì, mi ò ní kùn ún ní àwọ̀ ewé. Ti Alicia ni mo fi í sílẹ̀ fún.