Ọjọ́ Tí Wọ́n Tẹ Ìwé Ìrìnnà Jáde

Ọkùnrin náà kò tíì wo ojú ọmọ rárá. Ìwé ìrìnnà rẹ̀ ló kọ́kọ́ gbà. Ó ṣí i sí ojú ewé tí fọ́tò wà, ó fi ìka tọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ lọ. Mo rò pé ọjọ́ ìbí ló ń wá. Ìka rẹ̀ kọjá ọjọ́ ìbí, ó sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀, ó dúró síbi tí wọ́n kọ ọjọ́ tí wọ́n tẹ ìwé náà jáde sí. Ó ṣírò lábẹ́ ẹnu, ó wá gbójú sókè.

"Kóòṣì, ọmọ yìí ti pé ọdún 16 kí ó tó gba ìwé yìí."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni sà, oṣù mẹ́rin péré ló fi lé.

"Ẹ má bínú sà. Oṣù mẹ́rin yẹn gan-an lọ̀rọ̀ wà."

Ìpàgọ́ kan tí wọ́n ti ń ṣa àwọn ọ̀dọ́ tó máa gbá básíkẹ́ẹ̀tì fún Nàìjíríà ni, níbí ní Abuja. Ọmọkùnrin tí àbúrò mi obìnrin bí dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó so bàtà tuntun kọ́ èjìká. Houston ni wọ́n bí i sí. Yorùbá rẹ̀ kò já gaara, ṣùgbọ́n ó gbọ́ gbogbo ohun tí ọkùnrin yẹn sọ. Ó na ọwọ́, ó gba ìwé ìrìnnà náà padà, ó sì tún un wò fúnra rẹ̀, bí ẹni pé ọjọ́ inú rẹ̀ lè yí.

Ó ti lé ní ọdún 11 tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọdé ní básíkẹ́ẹ̀tì ní Kubwa. Kò sí òfin inú pápá tí n kò mọ̀. Òfin tó ń sọ ẹni tó lè wọ aṣọ orílẹ̀-èdè, n kò kà á rí. Ìdí nìyí tí mo fi ń kọ èyí sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá ní ọmọ, tàbí ọmọ ẹ̀gbọ́n, tàbí ọmọ àbúrò lókè òkun, tí ọmọ náà ga, tí kì í gbé bọ́ọ̀lù sílẹ̀, tó sì ń sọ pé ilé lòun fẹ́ gbá a fún.

Bó ṣe rí nìyí. Lójú ìjọba Nàìjíríà, ọmọ wa ni. Apá 25 nínú òfin orílẹ̀-èdè ti ọdún 1999 sọ ọ́ kedere: ẹni tí bàbá tàbí ìyá rẹ̀ bá jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, ọmọ Nàìjíríà ni láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, ì báà jẹ́ ìdí òkun ni wọ́n bí i sí. Ṣùgbọ́n FIBA, àjọ tó ń darí básíkẹ́ẹ̀tì lágbàáyé, kò dúró lórí ẹni tó bí ọ nìkan. Wọ́n ń béèrè ìgbà tí o gba ìwé. Ẹni tó bá gba ìwé orílẹ̀-èdè kan lẹ́yìn ọdún 16, wọ́n á kà á mọ́ àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ di ọmọ ilẹ̀ náà. Kódà bó bá ti ní ẹ̀tọ́ sí ìwé náà láti ìbí, tí kò bá béèrè fún un kí ó tó pé 16, ibẹ̀ náà ni wọ́n máa kà á sí. Ikọ̀ kan kò sì gbọ́dọ̀ ní ju ẹyọ kan ṣoṣo lọ irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ẹyọ kan nínú àwọn méjìlá.

Ẹ wo Jordan Clarkson, tó ti gbá fún Philippines. Ìdílé ìyá rẹ̀ ti ibẹ̀ wá, ẹ̀jẹ̀ ibẹ̀ wà lára rẹ̀, síbẹ̀ FIBA kà á sí ẹni tí wọ́n sọ di ọmọ ilẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ ìwé. Wọ́n tún ní Justin Brownlee, ọmọ Amẹ́ríkà tí wọ́n dìídì ṣe òfin láti sọ di ọmọ ilẹ̀ ní 2023. Àwọn méjèèjì kò lè jọ wọ ikọ̀ kan náà nínú ìdíje FIBA. Nígbà ìdíje àgbáyé ọdún 2023, Clarkson ni wọ́n mú. Ní ìpàgọ́ wa, ọmọkùnrin mìíràn ti jókòó sí àyè ẹyọ kan yẹn kí á tó dé. Ó mọ bọ́ọ̀lù gan-an, n kò lè bá a jà.

Báwo la ṣe pẹ́ tó bẹ́ẹ̀? Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Ọmọ náà jẹ́ ẹni ọdún 14 nígbà tí D'Tigers, ikọ̀ básíkẹ́ẹ̀tì àwọn ọkùnrin Nàìjíríà, na Amẹ́ríkà ní Las Vegas, 90 sí 87, ní ọjọ́ 10 oṣù Keje ọdún 2021. Ìgbáradì fún Òlíḿpíìkì ni, ṣùgbọ́n ikọ̀ Áfíríkà kankan kò na Amẹ́ríkà rí ṣáájú ọjọ́ yẹn. Òru ti jìn lọ́dọ̀ wa nígbà tí fóònù mi dún. "Àǹkú, ṣé ẹ wò ó? Àwa la borí!" Àwa. Ọmọ tí kò tíì lò ju Kérésìmesì mẹ́ta lọ nílé láyé rẹ̀ ló ń sọ pé àwa. Omi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú mi.

Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ni ìyá rẹ̀ bi mí pé, "Bọ̀dá mi, ṣé kí á yáa bá a ṣe ìwé ìrìnnà ti Nàìjíríà?" Mo dá a lóhùn pé kí ó má kánjú. Mo ní, "Ọmọ wa ni, ta ló fẹ́ bá wa du ú? Bí wọ́n bá pè é, a ó ṣe é." Èmi ló sọ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí a máa bẹ̀rẹ̀, ó ti ku díẹ̀ kó pé 16. Wọ́n ní kó kọ́kọ́ gba NIN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọmọ Nàìjíríà. Ó gbà á. Wọ́n ní kí àwọn òbí mú ìwé ìbí rẹ̀ wá, pẹ̀lú ìwé ìrìnnà tiwọn àti lẹ́tà ìyọ̀ǹda. Ibẹ̀ la ti ríi pé lẹ́tà kan ṣoṣo ló yàtọ̀ nínú orúkọ ìdílé: ilé ìwòsàn tí wọ́n bí i sí kọ "h" síbi tí kò sí "h" nínú ìwé bàbá rẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ bí àwọn òyìnbó ṣe ń kọ orúkọ wa. Títún un ṣe gba oṣù mẹ́ta. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbéra ní Houston lọ sí ilé-iṣẹ́ aṣojú wa ní Atlanta, nǹkan bíi wákàtí méjìlá lójú títì, láti lọ tẹ̀ka. Ìwé jáde ní oṣù Keje. Oṣù Kẹta ló ti pé 16.

Ó yẹ kí èmi gan-an mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ìwé kì í ṣe ohun à ń fi falẹ̀. Kàdúná ni wọ́n bí mi sí, Ọ̀ffà ni bàbá mi ti wá. Hausa ni mo kọ́kọ́ fi bú ẹlẹgbẹ́ mi lórí pápá. Síbẹ̀, nígbà tí mo wà ní ilé-ìwé girama tí wọ́n ń ṣa àwọn tó máa gbá bọ́ọ̀lù fún ìpínlẹ̀, wọ́n ní kí n mú ìwé ọmọ ìbílẹ̀ wá. Bàbá mi wọ mọ́tò lọ sí Ọ̀ffà lọ gbà á. Nígbà tó fi dé, wọ́n ti ṣa àwọn ọmọ tán, ìwé Kwara tó sì mú bọ̀ kò bá ohun tí wọ́n ń wá mu. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí títí tí mo fi dàgbà, síbẹ̀ mo jẹ́ kí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí ọmọ tí mo fẹ́ràn.

Ohun mìíràn tó ṣì wá lọ́nà ni bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀. A rí Ademola Lookman tó gba ife àgbáyé àwọn ọ̀dọ́ fún England ní 2017, tó wá wọ aṣọ Super Eagles ní 2022, tó sì di agbábọ́ọ̀lù tó dára jù ní Áfíríkà ní 2024. A rí Alex Iwobi náà. A wá rò pé bí ilẹ̀kùn ti rí níbẹ̀ náà ló rí níbi gbogbo. Òfin FIFA yàtọ̀ o. Ní básíkẹ́ẹ̀tì, ẹni tó bá ti pé ọdún 17, tó wá gbá ìdíje FIBA fún orílẹ̀-èdè kan, ó ti yan ibẹ̀ nìyẹn. Láti ibẹ̀ lọ, ẹ̀bẹ̀ ló kù.

A sì rí bí ẹ̀bẹ̀ náà ṣe ń rí. Nneka Ogwumike, obìnrin agbábásíkẹ́ẹ̀tì, Texas ni wọ́n bí i sí, ọmọ Nàìjíríà ni àwọn òbí rẹ̀. Ó ti gba wúrà àgbáyé pẹ̀lú Amẹ́ríkà ní 2014 àti 2018. Nígbà tí Amẹ́ríkà kò mú un lọ sí Òlíḿpíìkì Tokyo, ó fẹ́ gbá fún D'Tigress, ikọ̀ àwọn obìnrin Nàìjíríà. FIBA kọ̀, wọ́n ní ó ti bá Amẹ́ríkà pẹ́ jù. Wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà dé ilé-ẹjọ́ eré ìdárayá àgbáyé, ibẹ̀ náà kò gbà fún un. Erica, àbúrò rẹ̀, gbá fún Nàìjíríà ní Tokyo. Bàbá kan náà, ìyá kan náà.

Ẹ̀bẹ̀ mìíràn a máa gbà ṣá. Hakeem Olajuwon tiwa, ọmọ Èkó, ti gbá bọ́ọ̀lù fún Nàìjíríà nígbà èwe rẹ̀. Ó di ọmọ Amẹ́ríkà ní 1993, FIBA yọ̀ǹda fún un, ó sì gba wúrà pẹ̀lú Amẹ́ríkà ní Òlíḿpíìkì Atlanta ní 1996. Ṣùgbọ́n Olajuwon ni wọ́n yọ̀ǹda fún. Ẹ má fi ọmọ yín ta tẹ́tẹ́ lórí irú rẹ̀.

Mo máa ń ronú nípa Giannis Antetokounmpo náà, ìràwọ̀ básíkẹ́ẹ̀tì Greece. Athens ni wọ́n bí i sí, ọmọ Yorùbá ni bàbá rẹ̀. Títí ó fi pé ọdún 18, kò ní ìwé orílẹ̀-èdè kankan. Ní 2013 ni Greece tó fún un ní ìwé, wọ́n sì kọ Adétòkunbọ̀ lọ́nà tí ẹnu wa kò fi lè pè é mọ́. Adé tó ti òkun bọ̀ ni orúkọ náà ń jẹ́, Greece ló sì ń dé adé ọ̀hún. N kò bá a bínú. Àwọn ló fún un ní ìwé.

Nítorí ọ̀rọ̀ ọdún 17 yìí, mo gbọ́dọ̀ sọ ti ọmọkùnrin kan ní pápá wa. Ìyá rẹ̀ ń ta máásà ní Kubwa. Ọmọ ọdún 16, ó sì ti ga ju ilẹ̀kùn ilé wọn lọ. Aṣojú kan wá, ó ní orílẹ̀-èdè olówó kan máa fún un ní ìwé, ilé, àti owó oṣù, kó lè gbá fún ikọ̀ wọn. Ìyá rẹ̀ wá bá mi lálẹ́, ó ní, "Malam, don Allah, kí ni kí n ṣe?" Èmi tí mo ti gbọ́n lọ́nà líle ṣàlàyé fún un. Mo ní wọ́n á kà á sí ẹyọ kan yẹn, nítorí ìgbà tí ìwé náà bá fi jáde, á ti kọjá 16. Ọjọ́ tí wọ́n bá rí ẹlòmíràn tó mọ̀ ọ́n gbá jù ú lọ, àyè rẹ̀ bọ́ nìyẹn. Bó bá sì ti gbá fún wọn lẹ́yìn 17, kò lè padà wá sílé bó ṣe wù ú. Ọ̀gá ní FIBA lè yọ̀ǹda fún un láti padà síbi tó ti ṣẹ̀, ṣùgbọ́n àánú ni wọ́n ń ṣe fúnni níbẹ̀. N kò sọ fún un pé kí ó kọ̀. Mo ní kí ó ní kí aṣojú náà kọ gbogbo ìlérí rẹ̀ sílẹ̀, kí ó sì fọwọ́ sí i. Aṣojú náà kò padà wá mọ́.

Nítorí náà, ẹ jọ̀ọ́, bí ọmọ bá ti ń mú bọ́ọ̀lù ní òkúnkúndùn, ẹ bẹ̀rẹ̀ ìwé rẹ̀ ní ọdún 12, ó pẹ́ jù 13. Ẹ gbé ìwé ìbí àti ìwé ìrìnnà àwọn òbí kalẹ̀ pọ̀, kí ẹ ka orúkọ ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Bí ìpè ìdíje àwọn ọ̀dọ́ bá dé láti orílẹ̀-èdè kejì, ẹ béèrè bóyá ìdíje FIBA ni tàbí ti ọ̀rẹ́sọ́rẹ̀ẹ́, kí ẹ sì ka ọjọ́ orí ọmọ sí ọjọ́ tí wọ́n máa gbá a. Ọmọ fúnra rẹ̀ ni kó sọ ibi tó fẹ́. Tiwa ni pé kí a má jẹ́ kí ìwé sọ ọ́ dípò rẹ̀.

Ọmọ àbúrò mi ṣì ń gbá bọ́ọ̀lù ní yunifásítì lọ́hùn-ún. Ó ṣì ń retí àyè ẹyọ kan yẹn. Àbúrò rẹ̀ obìnrin jẹ́ ọmọ ọdún 11, òun náà ti ń ga, D'Tigress ló sì ń wò ṣáá látìgbà tí wọ́n ti dé ìpele ikọ̀ mẹ́jọ tó kẹ́yìn ní Òlíḿpíìkì Paris ní 2024. Ìwé tirẹ̀ ti jáde. Ti ọmọdé kì í lò ju ọdún márùn-ún lọ, yóò ní láti gba tuntun kí ó tó pé 17, ọjọ́ tuntun ló sì máa wà nínú rẹ̀. Mo ti sọ fún ìyá rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta pé bí wọ́n bá ti fagi lé èyí, kí ó má sọ ọ́ nù. Ó ní òun ti ra àpótí onírin kékeré kan, òun sì ti kọ "Ẹ má fọwọ́ kàn án" sí i lára.