Síìtì iwájú, kúlà ẹ̀yìn: ọ̀rọ̀ ojúsàájú nínú ṣọ́ọ̀ṣì wa

Ẹ jẹ́ ká fi pásítọ̀ sílẹ̀ ná. Gbogbo ìgbà tí ọ̀rọ̀ ojúsàájú bá ti ṣẹlẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì, pásítọ̀ la máa ń kọ́kọ́ bú, a ó ní òun ló fẹ́ràn olówó, òun ló ń lọ jẹun nílé wọn. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ o, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n ohun tí èmi ń rí ni pé ọwọ́ àwa èèyàn lásán lojúsàájú yẹn ti ń jáde jù. Ọ́ṣà tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ìyá tó ń bu ìrẹsì, ẹni tó mú máíkì lọ́jọ́ ìkórè, ẹni tó ń kọ orúkọ àwọn tí wọ́n máa lọ kí nílé ìwòsàn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ò ní mọ́tò, ọ̀kadà làwọn náà ń gùn wá. Ìyẹn ló ń dùn mí jù, pé mẹ̀kúnnù ló ń fojú tẹ́ńbẹ́lú mẹ̀kúnnù ẹgbẹ́ ẹ̀.

Ẹ lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì yín lọ́jọ́ ìsinmi kan kẹ́ ẹ máa wo ojú ọ́ṣà. Bàtà lojú ẹ̀ máa kọ́kọ́ lọ. Bí ẹni tó ń bọ̀ bá mú kọ́kọ́rọ́ jíìpù lọ́wọ́, kíá, ó ti tẹ̀ síwájú, ẹ káàbọ̀ sà, ẹ máa bọ̀ níbí sà, á ṣáájú ẹ̀ lọ títí dé iwájú, á fi áńkáṣíìfù nu àga kó tó jókòó. Bó bá wá jẹ́ bàbá tó wọ bùbá tó ti ṣá, tó fi sílípáàsì wá, ọwọ́ kan náà yẹn ló máa fi nà án sẹ́yìn, kò tiẹ̀ ní la ẹnu. Tí iwájú bá sì ti kún nkọ́? Wọ́n á lọ bá ìyá tó ti dé kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ Sunday School, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ sún sẹ́yìn fún wa, àlejò pàtàkì dé." Màmá á kó Bíbélì àti báàgì ẹ̀, á máa rẹ́rìn-ín tí kò dénú lọ sẹ́yìn, àlejò pàtàkì tó dé lẹ́yìn tí wọ́n ti kọ orin ìyìn tán á wá jókòó síbi tí ìdí màmá ti mú gbóná.

Àfi kéèyàn lọ ka Jákọ́bù orí kejì. Èmi ò mọ ibòmíràn nínú Bíbélì tí wọ́n ti ṣàlàyé ìṣe ọ́ṣà tó bẹ́ẹ̀. Òrùka wúrà, aṣọ tó dáa, tálákà tó wọ aṣọ ìdọ̀tí, ìwọ jókòó síbi tó dáa yìí, ìwọ dúró síbẹ̀ yẹn tàbí kó o jókòó nídìí àpótí ìtìsẹ̀ mi. Ẹ má gbàgbé pé inú àpéjọ àwọn onígbàgbọ́ ló ti ń ṣẹlẹ̀ o, kì í ṣe ilé ọba. Jákọ́bù tún wá bi wọ́n léèrè pé ṣebí àwọn olówó náà ló ń wọ́ yín lọ sílé ẹjọ́? Ìyẹn ni pé wọ́n ń tún àga ṣe fẹ́ni tó ń rẹ́ wọn jẹ. Ó ní ẹ̀ṣẹ̀ ni, ẹ̀ṣẹ̀ gan-an, ẹsẹ Bíbélì méjì lẹ́yìn ìyẹn ó dárúkọ panṣágà àti ìpànìyàn pẹ̀lú ẹ̀. Àwa ńkọ́, mi ò tíì rí ibi tí wọ́n ti lé ọ́ṣà kúrò lẹ́nu iṣẹ́ torí pé ó ṣojúsàájú, ṣùgbọ́n tó bá gbàgbé táì ẹ̀ sílé, ó gbé.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan á sọ pé ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀. Òótọ́ ni, lóde ìnáwó. Níbi tí wọ́n ti ń náwó, wọ́n mọ ẹni tí wọ́n ń wá. Àwọn òyìnbó tó mú ìgbàgbọ́ wá náà ò mọ́ nínú ẹ̀ o, torí nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà kan, ńṣe ni ìdílé tó bá lówó ń sanwó fún ìjókòó tiwọn nínú ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn mìíràn tiẹ̀ ní ilẹ̀kùn kékeré lára, àwọn tálákà á wá lọ jókòó sórí àga ọ̀fẹ́ lẹ́yìn tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́. Tiwa ò ní ilẹ̀kùn, a kàn lẹ bébà "Reserved" mọ́ ọn lára ni.

Ìkórè wá ni ọ̀gá gbogbo ẹ̀. Ẹni tó mú máíkì á bẹ̀rẹ̀ látòkè. Àwọn tó máa dúpẹ́ pẹ̀lú mílíọ̀nù kan, ẹ jó bọ̀! Ìlù á dún, onígángan á kúrò láàyè ẹ̀ á lọ pàdé wọn, á máa fi ìlù ki bàbá tó bí wọn lọ́mọ, pásítọ̀ á gbọ́wọ́ lé wọn lórí níkọ̀ọ̀kan, àdúrà á gùn, á kan iṣẹ́, á kan ilé, á kan ọmọ tó wà lókè òkun. Ó di 500,000. Ó di 100,000. Bí owó ṣe ń wálẹ̀ ni àdúrà ń kúrú, ẹ ṣáà wò ó dáadáa. Tó bá fi máa di 5,000, àdúrà àpapọ̀ ni, ẹ gbé ọwọ́ yín sókè, a gbà á fún yín lórúkọ Jésù. Ìgbà yẹn ni wọ́n á wá sọ pé "gbogbo àwọn tó kù, ohunkóhun tó bá wà lọ́wọ́ yín." Àwọn tó kù nìyẹn, àwọn tó pọ̀ jù nínú ìjọ. Nígbà yẹn onígángan ti jókòó, omi ló ń mu, kọ́wáyà ti ń ṣí orin tó kàn. Mo rí màmá kan tó tú ìdí ìró ẹ̀, ó yọ 200 náírà tó ti ká roboto, ó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ́ ẹ títí tó fi nà kó tó jù ú sínú abọ́, ó wá jó padà sáàyè ẹ̀ láìsí ìlù. Nínú Máàkù orí 12, iwájú àpótí owó ni Jésù jókòó sí, ó ń wo bí wọ́n ṣe ń sọwó síbẹ̀, opó tó sọ owó wẹ́wẹ́ méjì sílẹ̀ ló torí ẹ̀ pe àwọn ọmọ ẹ̀yìn pé ẹ wá wo nǹkan. Lọ́dọ̀ tiwa, tó bá máa pe ẹnikẹ́ni wá wòran, ìgbà tí ìlù dákẹ́ ló máa pè wọ́n.

Ohun tó tún yà mí lẹ́nu ni pé àwa Yorùbá gan-an la ò yẹ ká máa ṣe báyìí, tá a bá wo ibi tí ọ̀pọ̀ ìjọ wa ti ṣẹ̀. Mósè Orímọládé, ará Ìkàrẹ́, tí ìjọ Kérúbù àti Séráfù ti ọwọ́ ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ l'Ékòó ní 1925, ẹsẹ̀ ẹ̀ ò dá, ó ń tiro ni, bẹ́ẹ̀ ló fi ẹsẹ̀ yẹn rìn láti ìlú dé ìlú. Joseph Ayọ̀ Babalọlá tí gbogbo ayé wọ́ tẹ̀ lé nígbà ìsọjí Òkè-Oòyè n'Íléṣà ní 1930, awakọ̀ katakata tí wọ́n fi ń tẹ ojú títì ni kó tó gba ìpè. Oshoffa tó dá ìjọ Sẹ̀lẹ́ sílẹ̀ ní Pọ́tónóvò ní 1947, káfíńtà ni. Ẹ sọ fún mi, èwo nínú àwọn mẹ́ta yìí ni ọ́ṣà wa máa mú lọ síwájú?

Mo fẹ́ràn ohun kan lọ́dọ̀ àwọn ará Sẹ̀lẹ́ yẹn sha, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mi ò sí níbẹ̀. Gbogbo èèyàn ló ń wọ sùtánà funfun, kò sẹ́ni tó ń wọ bàtà. Bàtà tí ọ́ṣà ò bá rí, kò lè fi díwọ̀n èèyàn. Òótọ́ ni pé ipò ń hàn lára sùtánà náà, àwọn kan sì ń fi aṣọ olówó ńlá rán tiwọn, èèyàn á máa wá ọ̀nà ẹ̀ ṣáá, ṣùgbọ́n ìlànà yẹn dáa.

Tìjókòó ṣì kéré o. Ibi tó ti ń dunni wọ egungun ni ìbáwí. Mo mọ ṣọ́ọ̀ṣì kan tí ọmọ akínkanjú oníṣẹ́ bíríkì lóyún kó tó ṣègbéyàwó, wọ́n ní kò gbọdọ̀ wọ aṣọ funfun, wọn ò sì so wọ́n pọ̀ lójú ìjọ, inú fẹ́sítìrì, yàrá tí pásítọ̀ ti ń múra, ni wọ́n ti súre fún wọn láàárín ọ̀sẹ̀, ìyá ẹ̀ tún lọ jókòó sẹ́yìn fóṣù mélòó kan. Kò pẹ́ tó fi kan ọmọ ẹnì kan tó ń ra jẹnẹrétọ̀ fún ìjọ. Gáùn funfun, kọ́wáyà kíkún, bíṣọ́ọ̀bù wá. Ikùn àkọ́kọ́ ò tiẹ̀ tó èyí. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n gbogbo èèyàn ló ń wo ojú ara wọn. Tí òfin ìjọ bá le, kó le fún gbogbo wa, tó bá sì jẹ́ àánú, ẹ pín in kárí.

"Owó ni kẹ̀kẹ́ ìhìnrere," ìdáhùn tí mo máa ń gbọ́ nìyẹn. Mo gbà, dísẹ́ẹ̀lì jẹnẹrétọ̀ ò ṣeé fi àdúrà rà. Èmi ò ní ká kórìíra olówó o, Léfítíkù 19:15 tiẹ̀ sọ pé a ò gbọdọ̀ gbè sẹ́yìn tálákà torí pé ó jẹ́ tálákà, bẹ́ẹ̀ la ò gbọdọ̀ torí pé ẹnì kan jẹ́ ẹni ńlá ká gbè é. Ẹ wo olówó náà dáadáa, ojúsàájú yìí ò ṣe é lóore. Ta ló ń bá a wí? Ta ló ń lọ kí i nílé láìmú ìwé ìbéèrè owó dání? Bàbá kan wà tó jẹ́ òun la máa ń pè sí gbogbo tábìlì iwájú, okòwò ẹ̀ dojú dé, ó ta mọ́tò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ danfó wá. Láàárín ìgbà díẹ̀, wọ́n ti yọ orúkọ ẹ̀ lára pátírónù, kò sì gbọ́ ìpè ẹnikẹ́ni mọ́. Ọwọ́ epo la jọ ń bá a lá.

Oúnjẹ ni mo fẹ́ fi parí ẹ̀ torí ọ̀rọ̀ oúnjẹ ló wà lọ́wọ́ mi báyìí. Ẹ mọ kúlà ẹ̀yìn yẹn, àbí? Kúlà tó wà níta ni ìrẹsì àti ẹran tí ẹ máa fi awò-ohun-kékeré wá kiri, kúlà tó wà lẹ́yìn nínú ọ́fíìsì ni iyán, ẹja tútù àti ìtan adìyẹ. Ìjọ Kọ́ríńtì ṣe irú ẹ̀ rí, ebi ń pa ẹnì kan, ẹlòmíràn ń mu yó, Pọ́ọ̀lù sì bá wọn wí gidi nínú lẹ́tà àkọ́kọ́, orí 11. Àmọ́ Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí kẹfà ló wù mí jù. Àwọn tó ń sọ èdè Gíríìkì ní wọ́n ń fojú fo àwọn opó àwọn dá níbi ìpín oúnjẹ, wọ́n wá yan ọkùnrin méje pé kí wọ́n máa bójú tó o, tẹ́ ẹ bá sì ka orúkọ wọn, orúkọ Gíríìkì ni gbogbo ẹ̀. Apá ibi tí igbe ti wá ni wọ́n gbé ṣíbí ìrẹsì fún.

Ìkórè wa ń bọ̀ lóṣù kọkànlá, mo sì wà nínú kọmití oúnjẹ. Mo ti bẹ màmá méjì lára àwọn tó máa ń jókòó lẹ́yìn pátápátá kí wọ́n wá bá wa bu oúnjẹ, wọ́n ti gbà, mo sì ti sọ fún kọmití pé kúlà ẹ̀yìn ò sí lọ́dún yìí, ohun tá a bá sè, gbogbo wa la jọ máa jẹ ẹ́. Bùọ̀dá kan dá ọ̀rọ̀ dúró, ó ní kí wá ni Bàbá Ìjọ àtàwọn àlejò wa máa jẹ. Mo ní ìrẹsì.