Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi fi dáínà wa ṣẹ̀sín

Ẹ̀yin tí a jọ ń gbé New Jersey, ẹ ò ní ṣàì mọ ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Èèyàn á wá kí yín láti Houston, láti Atlanta tàbí láti ìlú Ọba, kò ní tíì sọ ẹrù kalẹ̀ tí á ti máa bèèrè pé ìgbà wo lẹ máa gbé òun lọ sí New York. Bẹ́ẹ̀, Newark ni bàálù já a sí o. Ilé ìfọpo tó wà létí òpópónà Turnpike ní Linden nìkan ló rí, òórùn ibẹ̀ ló sì máa ròyìn délé.

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbọ́ irú ẹ̀, mi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n èyí tí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ṣe fún mi nínú oṣù kẹrin yìí dùn mí dé akínyẹmí ara. Bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí náà, inú mi ò tíì rọ̀ tán.

Iṣẹ́ òru ni mo ń ṣe, àwọn arúgbó ni mò ń tọ́jú. Bí mo bá jáde láàárọ̀, mo máa ń yà ní dáínà kan, ìyẹn ilé oúnjẹ kékeré tó rí bíi bọ́gì ojú irin, tó wà lójú ọ̀nà ilé mi. Màmá kan wà níbẹ̀ tó ń gbé oúnjẹ fún wa, ọjọ́ orí ẹ̀ á tó ti ìyá mi. Lọ́dún tí bàbá wa kú, tí ìwé ìgbélùú mi ò tíì jáde, tí mi ò lè lọ sílé lọ sin ín, ìdí tábìlì màmá yìí ni mo ti sunkún. Kò da ìbéèrè bò mí. Ó bu tíì gbígbóná, ó yan búrẹ́dì tì í, ó jókòó síwájú mi títí mo fi jẹ ẹ́, ó sì kọ̀ láti gbowó. Ẹni tí mo fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n mi mọ̀ nìyẹn. Ìdí tí mo fi mú òun àti ìyàwó ẹ̀ lọ síbẹ̀ nìyẹn, kì í ṣe torí pé mi ò lówó ilé oúnjẹ ńlá.

A ò tíì jókòó dáadáa tí ẹ̀gbọ́n mi fi ń wo òkè wo ilẹ̀. Ó mú fọ́ọ̀kì, ó fi bébà nù ún, ó gbé e sókè síná, ó tún un nù. Ó ní, "Ìyá Tóbi, ibi tí o ti ń jẹun rèé? Ojú irin ni o kó wa wá sí yìí!" Ìbá ṣe pé Yorùbá ló fi sọ ọ́, mi ò bá fi pa mọ́ra. Gẹ̀ẹ́sì ni, pẹ̀lú ohùn tí gbogbo ilé gbọ́. Màmá náà dúró tì wá, ìkòkò kọfí wà lọ́wọ́ ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi wá yíjú sí i, ó bi í pé ṣé kò sí ilé oúnjẹ gidi kankan nítòsí ni. Màmá ní, "Wọ́n pọ̀ ní New York, sà." Ó bu kọfí tèmi kún, ó sì lọ. Kò wojú mi.

Ẹ̀gbọ́n mi ni, mi ò lè dá a lóhùn lójú èèyàn, a ò tọ́ wa bẹ́ẹ̀. Ìyàwó ẹ̀ tẹjú mọ́ àwo. Kò fọwọ́ kan oúnjẹ ẹ̀ títí a fi dìde. Nínú mọ́tò, ẹ̀gbọ́n mi ní eré lòun ń ṣe. Mo wa ọkọ̀ délé, mi ò fọhùn.

Kí n gé e kúrú, lọ́jọ́ kejì, mo mú wọn lọ sí Branch Brook Park ní Newark, àwọn igi cherry ti yọ òdòdó, ẹ̀gbọ́n mi ya fọ́tò títí fóònù ẹ̀ fi kú. Mo wá sọ ọ̀rọ̀ màmá yẹn fún un láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó bẹ̀ mí, a padà lọ, ó bẹ màmá náà, ó jẹun. Ó ti parí.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ohun tí mo kọ́.

Èkíní, bí ẹ bá ń mú àlejò lọ sí dáínà, ẹ kọ́kọ́ pìtàn ẹ̀ fún un kẹ́ ẹ tó wọlé. Ọ̀gbẹ́ni Walter Scott ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ nílùú Providence, ní ìpínlẹ̀ Rhode Island, lọ́dún 1872, ó ń fi kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin ta oúnjẹ lóru fún àwọn òṣìṣẹ́ ìwé ìròyìn. Ẹ gbọ́ o, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ òru ni wọ́n tìtorí ẹ̀ dá a sílẹ̀! New Jersey ló wá di ibi tí wọ́n ti ń kàn án, láwọn ilé iṣẹ́ ayé ìgbà yẹn bíi Jerry O'Mahony ní Elizabeth, Silk City ní Paterson, Kullman ní Newark, Fodero ní Bloomfield. Inú ilé iṣẹ́ ni wọ́n ti ń kàn án tán, kí wọ́n tó gbé e lọ síbi tó máa dúró sí, ìdí tó fi gùn tóóró bíi bọ́gì ojú irin nìyẹn. Ọwọ́ O'Mahony ni èyí tó wà nítòsí ibùdókọ̀ ojú irin ní Summit ti jáde, wọ́n ṣì ń dáná níbẹ̀ títí dòní.

Ẹ̀kọ́ kejì ló ká mi lára jù. A fẹ́ràn dáínà torí pé kò sẹ́ni tí kì í gbà. Ohun tí bùkà ìdí mọ́tò jẹ́ fún awakọ̀ nílé, òun ni dáínà jẹ́ fún wa níbí. Lọ́yà tó wọ táì, dírẹ́bà tírélà, ọlọ́pàá, àwọn ọmọ iléèwé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti òde ijó bọ̀ nínú aṣọ olówó ńlá, àga kan náà ni gbogbo wa ń jókòó sí nídìí káńtà. Ife kọfí kan ṣoṣo lo rà, wọn ò ní lé ẹ, wọ́n á tún máa bu kún un. O lè jẹ páńkéèkì lálẹ́, kó o jẹ ẹran láàárọ̀. Àwọn ará Gíríìsì ló ni púpọ̀ nínú wọn, ìyẹn ló jẹ́ kí oúnjẹ Gíríìsì kún inú ìwé oúnjẹ tó nípọn yẹn. Lẹ́yìn Kòrónà, ọ̀pọ̀ ló ti jáwọ́ nínú ṣíṣílẹ̀kùn mọ́jú, ó sì ń dun àwa òṣìṣẹ́ òru gan-an.

Ẹ wo ẹni tó ń dáná nídìí irin gbígbóná bó ṣe ń fi ọ̀bẹ ya etí ẹran tí John Taylor ará Trenton gbé jáde lọ́dún 1856, kó má baà ká kò. Ó fi ẹyin àti ṣíìsì lé e, ó kì í bọ búrẹ́dì. Àwọn ará àríwá New Jersey ń pè é ní Taylor ham, àwọn ará gúúsù ní pork roll ni, wọn ò sì tíì yanjú ẹ̀. Ẹ̀yin Mùsùlùmí, ẹlẹ́dẹ̀ ni o, ẹ ní kí wọ́n fi ẹyin àti ṣíìsì nìkan ṣe tiyín.

Ẹ̀kẹta: ẹ má fi New York gba àlejò. Mi ò sọ pé New York ò dáa, èmi náà ń lọ. Ṣùgbọ́n igi cherry Branch Brook lé ní 5,000, ó ju ti Washington lọ. Omi tó ń já láti orí àpáta ní Paterson ga tó ẹsẹ̀ bàtà 77. Igbó Pinelands lé ní mílíọ̀nù kan éékà, ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ kórè blueberry tí wọ́n fọwọ́ gbìn fún títà, lọ́dún 1916. Owó orí ọjà ò sí lórí aṣọ, wọn kì í sì í jẹ́ kó o fọwọ́ ara ẹ rọ epo sínú ọkọ̀, òfin ni láti 1949. Ní Union City, tí àwọn ará Cuba pọ̀ sí, mo rí ère Ṣàngó àti ìlẹ̀kẹ̀ Ọ̀ṣun nínú ṣọ́ọ̀bù wọn. Onígbàgbọ́ ni mí o, ṣùgbọ́n orí mi wú.

Síbẹ̀, bó bá jẹ́ pé ibì kan ṣoṣo lẹ ráyè mú wọn dé, dáínà yín ni kó jẹ́, ẹ sì jẹ́ kí wọ́n mọ orúkọ ẹni tó ń gbé oúnjẹ fún yín kẹ́ ẹ tó jókòó. Ẹ lọ ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀. Lọ́jọ́ Sunday, lẹ́yìn ìsìn, ẹ máa dúró pẹ́ kẹ́ ẹ tó rí àga.