Ẹní Ìbàdàn, ẹní Lọ́ńdọ̀nù

Ní ilé wa ní Ìbàdàn, ilẹ̀ kò jìnnà sí ẹnikẹ́ni. Bí ojúmọ́ bá ti mọ́, n ó kúnlẹ̀ kí ìyá mi, n ó mú ìgbálẹ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ gbá àgbàlá, n ó jókòó sórí àpótí fọ aṣọ, n ó sì lóṣòó sídìí àdògán títí iná á fi ràn. Kò sẹ́ni tó pè é ní eré ìdárayá. Iṣẹ́ ilé ni.

Ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí mo ti ń kọ́ àwọn ènìyàn báyìí ní Pilates, ìdárayá tí a sábà máa ń ṣe lórí ẹní kí iṣan ara lè lókun, orí àga ni ọjọ́ ń parí sí. Àga ìdí tábìlì, àga ọkọ̀ ojú irin, àga ọ́fíìsì, àga onítìmùtìmù níwájú tẹlifíṣàn. Ẹ̀rọ ń fọ aṣọ, ẹ̀rọ ń fa ìdọ̀tí ilẹ̀. Ènìyàn lè lo oṣù mẹ́ta kí orúnkún rẹ̀ má kan ilẹ̀ rárá. Tó bá wá yá, á sanwó kí wọ́n lè tẹ́ ẹní fún un, kó dùbúlẹ̀ fún wákàtí kan. Ó yà mí lẹ́nu nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Àmọ́ iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ni mo kọ́kọ́ ṣe níbí, gbígbé àti títì ló sì dá ẹ̀yìn dídùn sí mi lára. Orí irú ẹní bẹ́ẹ̀ ni mo ti gbádùn. Bí mo ṣe dé ìdí iṣẹ́ yìí nìyẹn.

Àjòjì ni ẹni tó dá Pilates sílẹ̀ náà. Joseph Pilates, ọmọ Jámánì tí wọ́n bí ní Mönchengladbach ní 1883, kò lókun lára ní kékeré. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló wà nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìíní bẹ́ sílẹ̀. Wọ́n tì í mọ́ àgọ́ nítorí pé ọmọ ilẹ̀ ọ̀tá ni, ibẹ̀ ló sì ti ń kọ́ àwọn tí wọ́n jọ wà ní àhámọ́ ní ìdárayá. Ní àárín àwọn ọdún 1920, ó kọjá sí New York, òun àti Clara, ẹnìkejì rẹ̀, ṣí yàrá ìdárayá síbẹ̀, àwọn oníjó sì ń wọ́ tọ̀ wọ́n. Ìtàn yìí wọ̀ mí lákínyẹmí ara. Ẹni tó wà ní àhámọ́ kò ní nǹkan kan mọ́ bí kò ṣe ara rẹ̀ àti èémí rẹ̀.

Àwọn òyìnbó tí mò ń kọ́ mọ orúkọ iṣan ara ju èmi lọ nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní kí wọ́n mú nǹkan nílẹ̀, ẹ̀yìn wọn á ká bí ìgbín. Bí ìyá mi ṣe ń gbálẹ̀ ni mo fi ń kọ́ wọn: ìbàdí ni ó ti ń ṣẹ́, ẹ̀yìn á tẹ́ pẹrẹsẹ bíi tábìlì. Ní kíláàsì tí mò ń ṣe ní àdúgbò Peckham, níbi tí àwọn ìyá Yorùbá pọ̀ sí, n kì í tilẹ̀ pẹ́ lórí àlàyé. Tí mo bá sọ ọ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n á dúró ronú. Tí mo bá ní, “Ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹni fẹ́ gbálẹ̀, mà,” ara ti gbọ́. “Ẹ dúró bí ẹni ru omi tí kò fẹ́ kó dànù,” ọrùn á nà, èjìká á sọ̀ kalẹ̀. “Ẹ ṣe bí ẹni ń fún ọ̀já mọ́ ọmọ lẹ́yìn,” ikùn á wọlé. Inú wọn máa ń dùn tí wọ́n bá rí i pé ohun tí wọ́n ti mọ̀ látilé ni.

Ó pẹ́ kí n tó lè pe òyìnbó ẹni àádọ́rin ọdún ní orúkọ, kí n sì ní kó gbé ẹsẹ̀ sókè. Bó ṣe fẹ́ nìyẹn, mo sì ti gbà. Àwọn ìyá wa ńkọ́? “Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ jẹ́ kí n bá yín tún apá ṣe,” kí n tó fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni.

Mi ò sọ pé ilé pé o. Iṣẹ́ yẹn kan náà ló gba orúnkún ìyá mi. Ogún ọdún ló fi ru ẹrù lọ sọ́jà, tó bá sì ní ara ń ro òun, a ó ra oògùn ara ríro, a ó fi róòbù pa á lẹ́sẹ̀, ó di ọ̀la. Ẹni tó bá dùbúlẹ̀ lọ́sàn-án, ọ̀lẹ ni. Kò sẹ́ni tó bi í rí bóyá ó ń mí tó bá ń gbé ẹrù sórí. Ó ń dùn mí, nítorí ojú mi ló ṣe. Níbí, tí ẹ̀yìn bá dun ènìyàn, dókítà lè rán an sí ẹni tó máa kọ́ ọ bí yóò ṣe máa lo ara.

Nígbà tí mo lọ sílé kẹ́yìn, mo tẹ́ ẹní sí pálọ̀, mo ní kí ìyá mi dùbúlẹ̀, kí wọ́n ká orúnkún sókè, kí wọ́n gbé ọwọ́ lé ikùn. Ẹ mí sínú, kí n ka márùn-ún. Ẹ mí síta, kí n ka márùn-ún. Wọ́n sùn lọ. Ní báyìí, láràárọ̀ Sátidé, wọ́n á pè mí lórí WhatsApp: “Mo ti dùbúlẹ̀. Ó yá, máa kà á.”