Ẹ̀jẹ̀ ìyálọ́mọ, ìwọ́ ọmọ, àti ohun tí ìwádìí ń sọ fún nọ́ọ̀sì

Lẹ́yìn tí ọmọ bá ti ké, ohun tó kàn tí agbẹ̀bí gbọ́dọ̀ mọ̀ ni iye ẹ̀jẹ̀ tí ìyá rẹ̀ ń dà. Ojú ni wọ́n kọ́ ọ̀pọ̀ wa láti fi díwọ̀n rẹ̀: a ó wo aṣọ tó rin, a ó wo abọ́, a ó fojú yọ omirá kúrò, a ó sì kọ iye tí a rò sínú ìwé. Ojú tó ti rí ìbímọ púpọ̀ kì í ṣe ojú yẹpẹrẹ, ṣùgbọ́n ìwádìí ti fi hàn léraléra pé ó máa ń bu ẹ̀jẹ̀ kù, pàápàá nígbà tí ẹ̀jẹ̀ bá pọ̀, ìyẹn ìgbà tí àṣìṣe léwu jù.

Ìdí nìyí tí mo fi ń rọ àwọn agbẹ̀bí ẹlẹgbẹ́ mi ní Abẹ́òkúta pé kí wọ́n ka ìwádìí E-MOTIVE, tí èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 2023. Ilé ìwòsàn 80 ló kópa nínú rẹ̀ ní Kẹ́ńyà, Nàìjíríà, Gúúsù Áfíríkà àti Tànsáníà, àwọn obìnrin tó bímọ níbẹ̀ sì lé ní 200,000. Wọ́n tẹ́ ọ̀rá alámì sábẹ́ ìdí ìyálọ́mọ, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn sínú àpò rẹ̀, agbẹ̀bí sì ń ka iye rẹ̀ lójú ìlà. Bí ó bá ti kan 500 mílílítà, tàbí 300 tí àmì ewu mìíràn sì wà, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ nìyẹn: wọ́n á fi ọwọ́ ra ilé ọmọ, wọ́n á fún un ní oxytocin, oògùn tó ń mú ilé ọmọ sún kì, àti tranexamic acid, oògùn tó ń ran ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ láti dá, wọ́n á fa omi sí i lára, wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n lè mọ ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń wá, wọ́n á sì ké sí ẹni tó jù wọ́n lọ bí kò bá dá. Níbi tí wọ́n ti ṣe báyìí, wọ́n dá nǹkan bí 93 nínú 100 àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn pọ̀ jù mọ̀. Níbi tí wọ́n ti ń ṣe bíi ti àtẹ̀yìnwá, nǹkan bí 51 péré ni.

Kò sí oògùn tuntun kan nínú gbogbo rẹ̀, ohun tó sì wọ̀ mí lọ́kàn jù nìyí. A ti mọ gbogbo wọn láti ilé ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n a kì í tètè mọ ìgbà tó yẹ ká bẹ̀rẹ̀, bí a bá sì bẹ̀rẹ̀, a máa ń lò wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí à ń dúró kí ti àkọ́kọ́ kùnà ká tó mú ìkejì. Wọ́ọ̀dù tí kò bá ní ọ̀rá yìí lè wọn aṣọ kó tó rin àti lẹ́yìn tó rin, nítorí gíráàmù ẹ̀jẹ̀ kan fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ mílílítà kan.

Ti ìwọ́ ọmọ gba ọgbọ́n mìíràn. Ní Nẹ́páàlì àti Báńgíládẹ́ṣì, fífi chlorhexidine, ìyẹn oògùn apakòkòrò, pa ìwọ́ dín ikú ọmọ tuntun kù. Ní Sáńbíà àti ní erékùṣù Pemba ní Tànsáníà, kò dín in kù. Nítorí náà, ohun tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ń sọ báyìí ni pé kí ìwọ́ wà ní mímọ́ kó sì gbẹ, kí a sì máa lo chlorhexidine níbi tí àwọn ènìyàn bá ti sábà máa ń fi ohun tó léwu sí i. Ta ni yóò sọ fún wa bóyá irú ibẹ̀ ni ilé tí ọmọ yìí ń lọ ní Ìtọ̀kú tàbí Lafẹ́nwá, bí kò ṣe ìyá àgbà tó wá gbé e?

“Àǹtí nọ́ọ̀sì, ṣé a ò ní fi omi gbígbóná jó o ni?”

“Rárá o, Màmá. Kí lẹ tún máa ń fi sí i nílé, mà?”

Ìbéèrè kejì yẹn ṣe pàtàkì ju ìdáhùn lọ. Bí wọ́n bá dárúkọ ọṣẹ ìfọyín tàbí àgbo, a ti mọ ohun tó yẹ ká fún wọn àti ohun tó yẹ ká ṣàlàyé, títí kan àrùn ipá tó ń wọlé láti ojú ìwọ́.

Mo bẹ àwọn mátírọ́ọ̀nù wa pé, nígbà tí a bá ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ara wa, kí wọ́n fi ìṣẹ́jú díẹ̀ sílẹ̀ fún kíka ìwádìí kan, kí a sì jíròrò ohun tó máa yí padà nínú wọ́ọ̀dù wa lọ́jọ́ náà. Ètò Hinari ti Àjọ Ìlera Àgbáyé wà fún àwọn ilé ìwòsàn àti ilé ẹ̀kọ́ láti ka àwọn ìwé ìwádìí wọ̀nyí. Kí ilé ìwòsàn tí kò tíì forúkọ sílẹ̀ lọ béèrè nípa rẹ̀.